Dantès gbẹ̀san, ó dáa, ọmọ Villefort wá ńkọ́?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kàwé, ẹ wá bá mi dá ẹjọ́ yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka The Count of Monte Cristo tán, odidi ìwé ńlá yẹn o, kì í ṣe èyí tí wọ́n gé kúrú fáwọn ọmọ iléèwé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń fà á látàná. Ó ní Dantès burú ju àwọn tó ṣe é níbi lọ, pé ẹni tó bá lè jókòó ti ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó máa pète bóun ṣe máa tú ilé onílé, onítọ̀hún ti di ìkà. Èmi ní irọ́ ni. Wọ́n gba ọdún 14 lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n gba àfẹ́sọ́nà ẹ̀, ebi pa bàbá ẹ̀ kú, ẹ wá ní kó máa rẹ́rìn-ín? Wọ́n jẹ gbèsè, ó gbà á, ó parí. Ta ló jàre? Ẹ sì bá mi dárúkọ ìwé míì tó jọ ọ́, torí ẹnì kan sọ fún mi pé gbogbo ìwé Faransé ayé ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ gbèsè àti òkú náà ni.

*

Àbúrò, ẹ̀yin méjèèjì ò tíì dárúkọ ẹni tọ́rọ̀ kàn jù. Màá dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì kà á, ẹ gbọ́ ọ ní ṣókí. Edmond Dantès jẹ́ ọmọ ọdún 19, ó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Marseille, wọ́n fẹ́ẹ́ fi ṣe ọ̀gá ọkọ̀ tó ń jẹ́ Pharaon, ó sì fẹ́ẹ́ gbé Mercédès níyàwó. Lóṣù kejì ọdún 1815, Danglars tó ń ṣe ìṣirò owó nínú ọkọ̀ yẹn fi ọwọ́ òsì kọ lẹ́tà pé Dantès ń ṣiṣẹ́ fún Napoléon lábẹ́lẹ̀, Fernand tó ń lé Mercédès kiri ló lọ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, Caderousse aládùúgbò ti mutí yó, ó wà níbẹ̀, kò la ẹnu. Wọ́n mú ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe àsè ìgbéyàwó ẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Villefort tó jẹ́ lọ́yà ìjọba. Villefort ti ń múra àtidá a sílẹ̀ o, àfìgbà tó rí i pé bàbá tòun gan-an ni lẹ́tà tí wọ́n fi rán ọmọ yẹn ń lọ bá. Ó jó lẹ́tà, ó ju ọmọ sí Château d'If, ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà láàárín òkun. Ọdún 14.

Ó jáde, ó di olówó, ó sọ ara ẹ̀ ní Monte Cristo, ó padà wá bá wọn níkọ̀ọ̀kan. Àwọn tó máa ń jiyàn lórí ìwé yìí, ọ̀kan nínú méjì ni wọ́n máa ń sọ: yálà pé ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, tàbí pé ká fìjà f'Ọ́lọ́run jà. Tèmi kọ́ nìyẹn. Tèmi ni pé Dantès mọ gbèsè ṣírò, kò mọ ẹ̀san ṣírò. Níbi tó ti ń san oore padà, kò sí kọ́bọ̀ kan tó ṣì. Níbi tó ti ń gbẹ̀san, kò mọ ibi tó yẹ kó dúró sí, kò sì mọ̀ pé òun ò mọ̀ ọ́n.

*

Wọ́n ní kí n ṣàlàyé "mọ gbèsè ṣírò" yẹn.

Ẹ wo owó yìí. Kí Dantès tó rin ìrìn àjò tó ṣáájú wàhálà, ó fi 200 franc sílẹ̀ fún bàbá ẹ̀, oúnjẹ oṣù mẹ́ta. Ó dé, ó bá bàbá tó ti rù kan eegun, kò sí nǹkan jíjẹ nílé. Ọmọ ọ̀hún ló jẹ Caderousse ní 140 franc tó sì gbàgbé ẹ̀ nígbà tó ń lọ, ni Caderousse bá lọ bá bàbá pé bóun ò bá rówó òun, ọ̀dọ̀ Morrel tó ni ọkọ̀ lòun ń lọ. Bàbá ò fẹ́ kí wọ́n ba ọmọ òun lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀, ó sanwó. 60 franc ló fi gbé oṣù mẹ́ta. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé nìyẹn o, ọ̀tá kankan ò tíì ṣe nǹkan kan, gbèsè kékeré ti ń pa bàbá lọ. Nígbà tí wọ́n wá ti ọmọ mọ́lé, bàbá ò jẹun mọ́ títí tó fi kú. Morrel ló gbé àpò owó kékeré pupa kan, ṣẹ́dà ni wọ́n fi rán an, sílẹ̀ nínú yàrá ẹ̀, owó inú ẹ̀ ni wọ́n fi sin bàbá tí wọ́n fi san gbèsè tó kù nílẹ̀.

Ọdún 1829, ó kan Morrel fúnra ẹ̀. Ọkọ̀ ń rì, oníbàárà ń sá, gbèsè 287,500 franc wà lọ́rùn ẹ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án, aago 11 àárọ̀, ni wọ́n máa wá gbà á. Ó ti gbé ìbọn sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin bá a níbẹ̀, wọ́n jọ sọ̀rọ̀, ọmọ yẹn gbà fún bàbá pé kó kú, torí pé tó bá kú wọ́n á ní olóòótọ́ èèyàn lówó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tó bá wà láàyè wọ́n á ní ajigbèsè ni. Aago ti fẹ́ẹ́ lù ni ọmọ ẹ̀ obìnrin, Julie, sáré wọlé. Àpò owó pupa yẹn náà ló mú dání, Dantès ló ṣètò ẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ìwé gbèsè 287,500 wà nínú ẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti san, dáyámọ́ńdì kan sì wà níbẹ̀ fún ìnáwó ìgbéyàwó ẹ̀. Wọ́n tún ń pariwo láti èbúté pé Pharaon ń bọ̀, ọkọ̀ tuntun, irú ẹrù tó rì náà ló kó. Omi máa ń lé sí mi lójú níbẹ̀, mi ò tijú.

Àpò tí wọ́n fi sin bàbá Dantès ló padà wá gba ẹni tó gbé e sílẹ̀. Ẹ ò lè rí ìṣirò tó mọ́ jùyẹn lọ.

*

Ẹni tó ní nínú fíìmù tóun wò Dantès àti Mercédès padà fẹ́ra: fíìmù nìyẹn. Nínú ìwé, Mercédès padà sí Marseille, sínú ilé tí bàbá Dantès gbé kí wọ́n tó sin ín, pẹ̀lú owó tí Dantès ti rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra. Ó jókòó síbẹ̀ ó ń sunkún. Dantès bá Haydée, ọmọbìnrin tó rà kúrò lóko ẹrú, wọkọ̀ lọ. Inú máa ń bí mi sí ibi tí wọ́n ti ń fi fíìmù jiyàn ìwé.

*

Ọ̀rọ̀ Danglars wá. Ó lé lẹ́ni mẹ́ta tó bi mí pé òun ló kọ lẹ́tà, kí ló dé tó jẹ́ òun ni ìyà ẹ̀ fúyẹ́ jù? Fernand yìnbọn para ẹ̀ lẹ́yìn tí ìyàwó àtọmọ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Orí Villefort dàrú. Danglars ń mí, ó tún ní 50,000 franc lọ́wọ́. Wọ́n ní bó ṣe máa ń rí fáwọn olówó báǹkì nìyẹn, wọn kì í bá wọn rìn dópin.

Mi ò gbà. Ẹ kọ́kọ́ wo bí Monte Cristo ṣe ń fa owó lára ẹ̀. Danglars ti di báárónì nígbà yẹn, ó ní báǹkì. Ìyàwó ẹ̀ ń yan àlè kan tó wà níléeṣẹ́ ìjọba, Debray, ìròyìn tí àlè yẹn bá jí gbọ́ ni wọ́n fi ń ra tí wọ́n fi ń tà kí gbogbo ọjà tó mọ̀, ọkọ sì mọ̀ sí i, ó dijú. Monte Cristo wá lọ bá òṣìṣẹ́ tẹ́lígíráàfù kan, tẹ́lígíráàfù ayé àtijọ́ o, tó jẹ́ apá igi gbọọrọ ni wọ́n ń fì lórí ilé gogoro kí ti iwájú lè rí i, kò sí wáyà kankan níbẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò mọ ìtumọ̀ àmì tó ń fì, ọgbà ẹ̀ ló gbájú mọ́, àwọn ẹranko bí èkúté tó ń jẹ èso ẹ̀ ló ń dà á láàmú. 1,000 franc ni owó ọdún ẹ̀. Monte Cristo ka 25,000 sí i lọ́wọ́, ó fi àmì irọ́ ránṣẹ́. Bí ìròyìn ṣe dé Paris pé Don Carlos ti sá padà wọ Sípéènì, Danglars sáré ta gbogbo ìwé owó Sípéènì tó ní ní ọ̀pọ̀. Ọjọ́ kejì, wọ́n ní irọ́ ni, ọjà gbówó lórí. Ká ka èyí tó sọnù àti èyí tó yẹ kó jẹ pọ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ. (Dumas tó kọ ìwé yìí ò dédé lá àlá ẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní Bordeaux, àwọn Blanc, ti ṣe irú ẹ̀ lójú ayé láti 1834 sí 1836, wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ tẹ́lígíráàfù ní Tours lówó ẹ̀yìn kí wọ́n lè tètè mọ bí ọjà Paris ṣe ń lọ.)

Níkẹyìn Danglars jí mílíọ̀nù márùn-ún, owó iléewòsàn àwọn aláìní, ó sá lọ sí Ítálì. Àwọn jàǹdùkú mú un síbẹ̀, wọn ò lù ú, wọn ò dè é. Wọ́n kàn ń ta oúnjẹ fún un ni. Adìẹ kan, 100,000 franc. Ebi pa bàbá Dantès kú, ebi náà ni wọ́n fi bá Danglars ṣírò, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Irun ẹ̀ ti funfun báláú.

Ìdí tó fi fúyẹ́ ni pé òun ló gbẹ̀yìn. Monte Cristo ti rí òkú Édouard, ọmọ Villefort ọkùnrin, kó tó kàn án. Ká ní Danglars ló kọ́kọ́ kàn, ṣé ẹ rò pé ó máa jáde níbẹ̀ láàyè ni?

*

Ẹ jẹ́ ká yà kúrò díẹ̀, torí mo rí i pé gbogbo yín ń sọ ọ́ bíi pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ nìkan ló máa ń gbẹ̀san. Ẹ ò tíì pàdé du Tillet nìyẹn.

César Birotteau ni Balzac pe ìwé yẹn, ọdún 1837 ló jáde. Birotteau ń ta òróró olóòórùn dídùn àti nǹkan ìpara ní Paris, èèyàn jẹ́jẹ́ tó kàn fẹ́ràn kí wọ́n mọ òun ní gbajúmọ̀. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kan, du Tillet, jí 3,000 franc nínú àpótí owó. Ọ̀gá mọ̀. Kò pe ọlọ́pàá, kò pariwo, ó fọgbọ́n dí i kó má di ọ̀rọ̀ ìta. Ohun tí du Tillet ò lè dárí ẹ̀ jì í títí láé nìyẹn. Ó di olówó báǹkì, gbogbo ìgbà tó bá sì rí Birotteau, ẹni tó mọ̀ pé olè lòun ló ń rí. Ó ṣe é tí ọ̀gá fi tọwọ́ bọ òwò ilẹ̀ kan lẹ́bàá Madeleine, nótárì tówó wà lọ́wọ́ ẹ̀ kó o sá lọ, Birotteau bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa yá a lówó.

Ọ̀dọ̀ ta ló lọ? Ọ̀dọ̀ du Tillet. Du Tillet gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó kọ lẹ́tà ìyìn fún un pé kó mú un lọ bá Nucingen olówó báǹkì. Lẹ́tà tó dùn. Àmọ́ nígbà tó ń buwọ́ lù ú, kò fi àmì tó-tó sórí i tó wà nínú orúkọ ẹ̀. Àmì tí òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣòwò ti fẹnu kò lé lórí ni: tó-tó yẹn ò bá ti sí níbẹ̀, ẹ má dá ẹni tó mú lẹ́tà wá lóhùn. Birotteau gbé e dání, ó ń dúpẹ́.

Mo ti bá ẹ̀sìn, òfin àti àgbà sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀san, kò sẹ́ni tó sọ irú eléyìí fún mi rí: kí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ máa gbẹ̀san lára ẹ torí o dárí jì í.

Birotteau kógbá wọlé. Òfin òwò Napoléon ò fọwọ́ kékeré mú un, oníṣòwò tó bá ti kógbá wọlé ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ Bourse níbi táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń dúnàá-dúrà. Àwọn tó jẹ lówó ti gbà kó san ìwọ̀nba, òun ló ní àfi kóun san án pé. Òun gba iṣẹ́ akọ̀wé, ìyàwó gba iṣẹ́, ọmọbìnrin gba iṣẹ́, wọn ò ra aṣọ, wọn ò jẹ ẹran tó dáa, títí gbogbo ẹ̀ fi san tèlé-tèlé. Ilé ẹjọ́ dá orúkọ ẹ̀ padà ní 1823, ó wọ Bourse, wọ́n patẹ́wọ́ fún un, ó délé ó bá àríyá tí wọ́n ṣe dè é, ayọ̀ yẹn ló pa á lálẹ́ ọjọ́ náà. Du Tillet? Ara ẹ̀ le.

*

Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tó kọ̀wé wọ̀nyí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Òwò ìtẹ̀wé Balzac fọ́ ní 1828, gbèsè ẹ̀ bá a dàgbà. Nígbà tó ń gbé ní Passy, orúkọ ẹlòmíì ló fi gba ilé, ilé yẹn sì ní ẹnu ọ̀nà méjì, èyí ẹ̀yìn wúlò tẹ́ni tó ń sin owó bá ti kan èyí iwájú. Dumas náà fowó Monte Cristo kọ́ ilé ńlá kan sẹ́bàá Paris, ó pè é ní Monte-Cristo, kò pẹ́ tó fi ní láti tà á, nígbà tó sì di 1851 ó ti sá fáwọn olówó lọ sí Brussels.

Tọ̀fọ̀ náà, ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀gágun ni bàbá ẹ̀, ẹrúbìnrin aláwọ̀ dúdú ló bí bàbá yẹn ní Saint-Domingue, ibi tá a mọ̀ sí Haiti lónìí. Wọ́n tì í mọ́lé ní Taranto fún nǹkan bí ọdún méjì, ó jáde pẹ̀lú àìsàn, ó kú ní 1806, Dumas ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ nínú ìtàn ayé ẹ̀ pé wọ́n bá òun lórí àtẹ̀gùn tóun ń wọ́ ìbọn bàbá òun gòkè, wọ́n bi òun pé níbo, òun ní ọ̀run lòun ń lọ, òun fẹ́ẹ́ lọ pa Ọlọ́run tó pa bàbá òun. Ẹ fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dantès.

*

Ẹnì kan ní ká má gbàgbé Madame Bovary, ìwé Flaubert, òmíràn ní kò sí ẹ̀san níbẹ̀. Òótọ́ ni, ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn.

Àwìn ló pa Emma Bovary, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé ìfẹ́ ni. Lheureux, ọlọ́jà aṣọ, ló ń gbé aṣọ wálé láìpè é, tó ń ní "ẹ má wulẹ̀ sanwó báyìí". Ẹ̀gbọ́n màmá mi ta aṣọ láwìn pẹ́, ó sì máa ń sọ ìtàn àwọn Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ títí wọ́n á fi gbowó wọn. Lheureux ò jọ wọ́n rárá. Òṣómàáló fẹ́ kó o sanwó. Lheureux ò fẹ́ kó o san án, ó fẹ́ kó o tún buwọ́ lu ìwé míì ni, èlé gorí èlé, títí ilé ẹjọ́ fi ní kó wá san 8,000 franc láàárín wákàtí 24. Emma purọ́ fọ́mọ ọ̀dọ̀ apòògùn pé eku lòun fẹ́ẹ́ pa, ó bu májèlé jẹ.

Ọkọ ẹ̀, Charles, wá kù. Gbogbo èèyàn ń jẹ nínú ọ̀fọ̀ ẹ̀: olùkọ́ dùùrù mú ìwé owó oṣù mẹ́fà wá fún ẹ̀kọ́ tí Emma ò lọ rí, ọmọ ọ̀dọ̀ kó aṣọ olóògbé sá lọ. Ó ń sanwó ṣá. Ó rí lẹ́tà àwọn àlè. Ó pàdé ọ̀kan nínú wọn, Rodolphe, lọ́jà, lọ́jọ́ tó lọ ta ẹṣin ẹ̀, wọ́n jọ jókòó mutí. Ó wojú ẹ̀ títí, ó ní òun ò bínú sí i mọ́, pé àyànmọ́ ló fà á. Rodolphe sì ń wò ó bí ọ̀dẹ̀. Ọjọ́ kejì Charles kú lórí àga nínú ọgbà, irun ìyàwó ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ta gbogbo nǹkan, ó ku 12 franc àti 75 centime, owó yẹn ni wọ́n fi gbé ọmọ wọn lọ bá ìyá àgbà, nígbà tó yá ọmọ lọ ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ òwú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí Dantès dárí jì wọ́n, ẹ ní kí n fi àpẹẹrẹ ìdáríjì hàn yín, òun nìyẹn. Ọmọdé náà ló jìyà ẹ̀.

*

Ẹ jẹ́ ká padà sí Édouard. Ẹni tó ní Dantès ò mọ̀ rárá pé ìyàwó Villefort máa pa ọmọ ara ẹ̀, mo gbà fún un níbẹ̀. Kò mọ̀ nípa ọmọ. Àmọ́ ta ló jókòó bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀ májèlé, tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó tẹ́nikẹ́ni ò fi ní fura? Òun ni. Nígbà tí òkú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nílé Villefort lọ́kọ̀ọ̀kan, ta ló mọ̀ tó ní kí wọ́n máa kú lọ? Òun náà ni. Maximilien, ọmọ Morrel, ló wá bá a pé kó gba àwọn èèyàn náà, ó ní kí ló kan òun. Ìgbà tí ọmọ yẹn pariwo pé òun nífẹ̀ẹ́ Valentine, ọmọ Villefort, ìgbà yẹn lara ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bù máṣọ. Ṣé ẹ rí i? Ìwé gbèsè ló tún ṣí. Ọmọ Morrel ló ní kó gbà á, ó gbà á. Édouard ò ní ẹni tó jẹ lóore nínú ìwé yẹn, kò sẹ́ni tó ṣírò mọ́ ọn.

Villefort ló fà á lọ́wọ́ lọ wo òkú ìyàwó àtọmọ, ó ní kó wò ó bóyá ẹ̀san ẹ̀ ti tó. Monte Cristo gbé ọmọ náà sáré wọ yàrá, ó gbìyànjú àtijí i, kò jí. Àtìgbà yẹn ni kò ti lè sọ pẹ̀lú ìdánilójú mọ́ pé Ọlọ́run wà lẹ́yìn òun.

Torí náà àbúrò, tí wọ́n bá ní kí n dájọ́: lórí Fernand, ó jàre. Lórí Danglars, ó jàre. Lórí Villefort fúnra ẹ̀, ó jàre. Lórí ilé Villefort, ẹ̀gbọ́n ẹ ló jàre, kó o lọ bẹ̀ ẹ́.

*

Ìwé míì tó jọ ọ́ lo béèrè. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Eugénie Grandet, Balzac, 1833, kò gùn.

Ọmọkùnrin kan, Charles (Charles míì o), wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ní Saumur, lẹ́tà tó mú dání ló sọ pé bàbá ẹ̀ ti yìnbọn para ẹ̀ ní Paris nítorí gbèsè. Ọmọ ń sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì, bàbá Grandet ahun yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọmọ yìí ò lè wúlò, òkú ló ká a lára ju owó lọ. Eugénie, ọmọ ahun, kó gbogbo góòlù ẹ̀ fún Charles kó fi rìn. Charles lọ, ó ṣòwò, ó ta èèyàn dúdú lẹ́rú pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń tà kiri títí dé etíkun Áfíríkà, Balzac kọ ìyẹn ní ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ó sì kọjá lọ, èmi ò lè kọjá bẹ́ẹ̀. Ó padà dé, ó kọ̀wé sí Eugénie pé ọmọ olóyè lòun fẹ́ẹ́ fẹ́. Àwọn tí bàbá ẹ̀ jẹ lówó sì wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ẹ́ fa orúkọ ẹ̀ ya. Eugénie gbé mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ franc sílẹ̀, ó san gbogbo ẹ̀, ó fi ìwé gbèsè tó ti san ránṣẹ́ sí i. Ìgbà tẹ́ni tó mú un wá sọ fún Charles pé obìnrin tó kọ̀ yẹn ní mílíọ̀nù 17, ojú ẹ̀ dá.

Àwọn kan á sọ pé ìfẹ́ ni, pé kò sí ẹ̀san nínú ẹ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kó wá ṣàlàyé fún mi ìdí tí ò fi san án kó tó gba lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀. Tó o bá ka ìyẹn tán, mú Birotteau. Bovary, má kà á níparí oṣù tówó ti tán lọ́wọ́ ẹ.